Yíya Àwòrán Níta Gbangba: Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì àti Etí Odò Stour

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ní Suffolk, ní ìlà-oòrùn Ìlú Ọba, tí mo ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Láàárín iṣẹ́ òru àti oorun ọ̀sán ni mo ti ń rí àyè ya àwòrán. N kì í yà á nínú ilé. Iwájú ohun tí mo ń wò gan-an ni mo máa ń gbé àpótí ọ̀dà mi kalẹ̀ sí, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, pẹ̀lú pátákó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú àti 40 lóròó lọ. Ọdún tí owó ọkọ̀ òfuurufú bá wà lọ́wọ́ mi, mo máa ń wá sílé ní oṣù kìn-ín-ní, sí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, màá sì gbé àpótí kan náà kalẹ̀ síwájú òkè Olósùnta. Ọwọ́ kan náà ni, ọ̀dà kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà wọ inú ìgbé ayé àwọn ènìyàn yàtọ̀ síra gan-an ní ìlú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti oòrùn, nítorí pé òun ni ọ̀gá ayàwòrán tí ó bá ń jókòó níta. Ní Èkìtì, ọjọ́ tí ó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan ju èyí tí ó kúrú jù lọ. Oòrùn wa kì í rọra yọ. Ńṣe ni ó máa ń gòkè ṣánṣán, débi pé láàárín aago méje sí aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ nìkan ni òjìji máa ń gùn lára àpáta, tí ojú sì máa ń rí ibi tí ó yọ àti ibi tí ó jin. Bí aago mẹ́wàá bá ti lù, òjìji ti ń sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, òkè ńlá náà á sì wá rí pẹlẹbẹ bí ìgbà tí a bá gé e láti ara páálí. Ìgbà méjì ni oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí àárín orí wa gan-an láàárín ọdún, ní oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àwòrán tí mo bá sì yà ní irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ kò níláárí. Ní Suffolk ẹ̀wẹ̀, ó máa ń kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ ní oṣù kẹfà, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ní oṣù kejìlá. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru bíi tèmi lè sùn títí di ọ̀sán, kí ó jẹun, kí ó fọ aṣọ, kí ó sì tún rí wákàtí mẹ́ta gbáko tí ìmọ́lẹ̀ á fi dà gẹ̀rẹ́ sórí koríko. N kò rí irú ọlá bẹ́ẹ̀ rí nílé. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, mo máa ń dà bí ẹni tí wọ́n gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ti lọ kí n tó jí.

Ọ̀dà pàápàá mọ ìyàtọ̀ afẹ́fẹ́. Nígbà ọyẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tí a fi omi pò máa ń gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì kí ó tó dé ara pátákó, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Létí odò Stour, ní Suffolk, mo ti fi ọ̀dà olómi ya ojú ọ̀run láàárọ̀ tí ó ṣì tutù nígbà tí mo gbé e délé, tí gbogbo rẹ̀ ti ṣàn pọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ọ̀dà olóròóró, èyí tí ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbẹ níbikíbi. Inú túùbù tín-ín-rín tí a ń fún bí ọṣẹ ìfọyín ni a ń rà á sí, ẹni tí ó sì kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, tí tánńganran (tin) ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà, ni John Goffe Rand, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní ọdún 1841. Ṣáájú ìgbà náà, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ń rọ ọ̀dà sí. Mo máa ń rántí ọkùnrin yìí nígbà tí mo bá ń di ẹrù mi.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ gba àròjinlẹ̀ lọ́wọ́ mi ju gbogbo èyí lọ. Nígbà tí mo fi àwòrán pápá oko Suffolk kan han ìyá mi, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ewéko ibẹ̀ mà dúdú minimini o." Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè rò pé ìyá mi kò rí àwọ̀ dáadáa. Ìyá mi rí i ju bí mo ṣe rí i lọ. Ewé tí omi tó, tí ara rẹ̀ le, tí kò sí ìyà lára rẹ̀, òun ni à ń pè ní dúdú, gbogbo ìwé tí mo sì ti kà lórí bí a ṣe ń po àwọ̀ ewé kò sọ fún mi rí pé kí n wo ìlera ewé náà kí n tó po ọ̀dà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń po búlúù mọ́ àwọ̀ ewé Suffolk, tí mo sì ń po pupa díẹ̀ mọ́ ewé Ìkẹ́rẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé erùpẹ̀ ojú ọ̀nà ti bà á lé. Ilẹ̀ wa pupa. Nínú àpótí mi, èyí tí wọ́n ń pè ní Burnt Sienna ló sún mọ́ ọn jù, síbẹ̀ kò pupa tó.

Ní ti àyè tí a ń jókòó sí, Ìlú Ọba ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí òfin fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí ó gba àárín oko olóko kọjá, mo sì lè dúró lójú ọ̀nà náà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olósùnta kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè tí à ń bọ lọ́dọọdún ni. Kí n tó gbé àpótí kalẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, bàbá mi mú mi lọ kí àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ náà kàn, a mú obì dání, wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi àwòrán náà ṣe, wọ́n sì sọ ibi tí n kò gbọdọ̀ dé fún mi. Ìbéèrè wọn tọ́, n kò sì rí ẹni tí ó tíì bi mí ní irú rẹ̀ ní Suffolk.

Àwọn ará Suffolk mọ ayàwòrán. East Bergholt, tí kò jìnnà sí ilé mi, ni wọ́n bí John Constable sí ní ọdún 1776; bàbá rẹ̀ ni ó ni ọlọ tí omi ń yí ní Flatford, létí odò Stour, ibẹ̀ sì ni Constable yà sínú àwòrán The Hay Wain tí ó parí ní ọdún 1821, tí ó wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lónìí. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí mi tí mo dúró ti pátákó, wọ́n á rìn yí mi ká tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n á fa ajá wọn mọ́ra, wọ́n á ní iṣẹ́ náà dára, wọ́n á sì kọjá lọ. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti ya odò yẹn ju ìgbà ọgọ́ta lọ láìsí ẹnì kan ṣoṣo tí ó sọ fún mi pé mo ṣi ibì kan yà.

Ní Ìkẹ́rẹ́, ọjọ́ kejì tí mo jókòó sétí títì ni baálé ilé kan sáré jáde wá bá mi. Ọ̀dà pupa ló rí lọ́wọ́ mi. Ó rò pé mo wà lára àwọn tí ó máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tí ìjọba fẹ́ wó nítorí títì, àyà rẹ̀ sì ń já. Mo yí pátákó sí i, mo fi òkè hàn án, mo fi òrùlé ilé rẹ̀ tí mo ti yà sí ìsàlẹ̀ hàn án. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó pe ìyàwó rẹ̀, ìyàwó pe àwọn ọmọ, àwọn ọmọ pe àwọn tí ń bọ̀ láti ilé ìwé, ẹnì kan sì gbé àpótí ìjókòó wá fún mi. "Ẹ kú ùṣẹ́ o," báyìí ni wọ́n ń kí mi bí wọ́n ṣe ń dé, wọn kò sì lọ.

Ìyá kan máa ń dín àkàrà ní ìdojúkọ ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé agbada kúrò lórí iná, wọ́n wá dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú ẹ̀wà lílọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nawọ́ sí apá òsì àwòrán náà.

"Ọmọ mi, ibí yìí kò rí báyìí."

Mo ní, "Báwo ló ṣe rí, Màmá?"

"Omi máa ń gba ibẹ̀ ṣàn wálẹ̀ nígbà òjò. Ojú ọ̀nà omi yẹn dúdú ju ara òkè yòókù lọ, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọ̀ kan náà lo fi kùn ún. Wò ó dáadáa."

Mo gbójú sókè. Ipa omi náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó gùn, ó sì ṣókùnkùn, ó já láti orí dé ibi tí igi ti bo ìdí òkè. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì tí ó tín-ín-rín jù, mo po dúdú mọ́ àwọ̀ aró, mo fà á wálẹ̀. Wọ́n ní ó ku èkejì ní ọwọ́ ọ̀tún. Mo fà á. "Ó tó," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí iná wọn.

Ibẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ wà. Ní Suffolk, àwòrán mi kì í bọ́ sójú ènìyàn àfi bí a bá gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn. Ní Ìkẹ́rẹ́, ìpàtẹ ti ń lọ lọ́wọ́ kí ọ̀dà tó gbẹ, àwọn tí ó mọ òkè náà jù ni wọ́n sì wà nídìí rẹ̀.

N kò kóyán ìpàtẹ Suffolk kéré. Gbọ̀ngàn abúlé tàbí inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó sábà máa ń wà, ètò rẹ̀ sì gún. Ayàwòrán á san owó lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, á gbé e wá ní ọjọ́ tí wọ́n dá, pẹ̀lú férémù àti okùn tí a so mọ́ òrùka méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ á sì ṣa èyí tí wọ́n fẹ́. Ní alẹ́ ìṣíde, wáìnì á wà nílẹ̀, wọ́n á lẹ àmì pupa roboto sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó bá tà, olùṣètò á sì yọ tirẹ̀ nínú owó náà. Ìdá 30 nínú 100 ni wọ́n yọ nínú tèmi ní ìgbà tí mo tà kẹ́yìn. Owó yẹn ni mo fi ra férémù ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ìgbà méjì ni ìgbìmọ̀ kan dá Olósùnta padà fún mi. Ẹnì kan nínú wọn sọ fún mi pé pupa ilẹ̀ náà ti pọ̀ jù, pé kò sí ilẹ̀ tí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ìyá alákàrà tí ó ń tẹ ilẹ̀ náà lójoojúmọ́ kò bá mi jà lórí pupa rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí British Museum, mo lọ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e wá sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní ọdún 1924, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé náà sì fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba pààrọ̀ rẹ̀. Ògògà jókòó lára ilẹ̀kùn náà tòun ti adé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ń gbé òyìnbó ajẹ́lẹ̀ bọ̀ lórí ibùsùn. Kí ó tó di ohun ìpàtẹ, ojoojúmọ́ ni ẹni tí ó bá ní ohun ṣe ní ààfin ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. N kò rò pé ẹnì kan dá a padà nítorí àwọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní tí ó kọjá, mo dán ìpàtẹ wò nílé. Káfíńtà kan ní Adó-Èkìtì ṣe férémù mẹ́rìnlá fún mi, a sì gba gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méjì. Èrò wọlé ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n fọwọ́ kan àwòrán, wọ́n jiyàn lórí ilé ta ni ó wà ní ìdí òkè, ọmọkùnrin kan rí kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ nínú ọ̀kan, ó sì ń fà gbogbo ènìyàn wá wò ó. Àwòrán kan ṣoṣo ló tà, baálé ilé ọjọ́sí ni ó sì rà á, nítorí òrùlé rẹ̀. Owó tí mo ná kò padà wá. Ó wù mí kí ìlú Èkìtì kọ̀ọ̀kan ní ògiri kan tí wọ́n á yà sọ́tọ̀ fún irú èyí, nítorí pé olùwòran ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyá alákàrà wá ní ọjọ́ kejì, nínú ìró àti bùbá tí wọ́n lọ̀. Wọ́n lọ tààrà sídìí Olósùnta, wọ́n wo ipa omi méjèèjì, wọ́n mi orí. Wọ́n wá béèrè ibi tí mo ń gbé ní Ìlú Ọba, mo sì sọ fún wọn pé odò kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń yà.

"Gbé odò náà wá nígbà tí o bá ń bọ̀," ni wọ́n wí, "kí n wò ó bóyá ó jọ odò."

Mo ti yà á. Àárọ̀ oṣù kẹsàn-án kan ni, ìkùukùu ṣì wà lójú omi, mo sì ti fi páálí méjì àti àdìrẹ kan tí ìyá mi fún mi wé e sínú àpótí aṣọ.