Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ má kàn fi ìwúwo ara pín irin

Ẹni 60 kílò gbé 120 kílò ní squat (kí a gbé irin léjìká, ká lóṣòó, ká tún dìde), ẹni 90 kílò gbé 165. Ta ló lágbára jù? Ní jíìmù, ìwúwo ara la sábà fi ń pín irin: ẹni àkọ́kọ́ ní 2.0, èkejì 1.83, ẹni kékeré borí. Mo ti wá rí i pé ìṣirò yẹn máa ń ṣègbè.

Ẹ kó páálí ìṣáná mẹ́jọ jọ, kí ẹ tò wọ́n: méjì ní òòró, méjì ní ìbú, méjì lórí ara wọn. Ìrísí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti páálí kan, ó kàn tóbi ní ìlọ́po méjì níhà gbogbo ni. Ìwúwo rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́rin péré lẹ máa rí. Bí iṣan ṣe nípọn tó, ìyẹn bí ojú ibi tí a bá ti gé e ṣe fẹ̀ tó, ni agbára rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Bí ara bá ń tóbi sí i, ìwúwo á máa sáré ju agbára lọ. (Ohun tó ń jẹ́ kí eèrà gbé ẹrù tó wúwo jù ú lọ fíìfíì nìyẹn. Kì í ṣe pé iṣan rẹ̀ dáa ju tiwa lọ.)

Nítorí náà, ẹ fi ìwúwo ara lọ́po ara rẹ̀, ẹ tẹ ∛ lórí kakulétọ̀, ohun tó bá jáde ni kí ẹ fi pín irin. Ẹ fi páálí wa dán an wò: 8 × 8 jẹ́ 64, ∛ rẹ̀ sì jẹ́ 4, torí 4 × 4 × 4 jẹ́ 64; mẹ́rin tí ẹ rí láti ẹ̀gbẹ́ kan nìyẹn. 60 × 60 jẹ́ 3,600. ∛ rẹ̀ jẹ́ 15.33, 120 ÷ 15.33 jẹ́ 7.83. Ti ẹni 90: 8,100, lẹ́yìn náà 20.08, 165 ÷ 20.08 sì jẹ́ 8.22. Ẹni ńlá ló borí o.

Ibi tó ti wúlò jù lójú tèmi ni kéèyàn fi ara rẹ̀ wé ara rẹ̀. Ẹni tó gbé 140 nígbà tó wà ní 70 kílò, tó wá sanra dé 77, tó sì gbé 150, á rò pé òun ti rẹ̀yìn, torí 2.0 ti di 1.95. Ìṣirò kejì fi hàn pé ó kúrò ní 8.24 bọ́ sí 8.29. Kò rẹ̀yìn rárá.

Àmọ́ bí nọ́ńbà tí ẹ kó wọlé bá ti wọ́, kò sí ìṣirò tó lè tún un ṣe. Ọ̀pá irin fúnra rẹ̀ wà nínú kíkà: ti ìdíje gbígbé irin ní Òlíńpíìkì jẹ́ 20 kílò fún ọkùnrin, 15 fún obìnrin, àmọ́ ti jíìmù lè dín, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ wọn ara yín láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yàgbẹ́ tí ẹ kò sì tíì jẹun. Squat tí ìbàdí kò bá lọ sísàlẹ̀ ju orúnkún, ẹ má fi wé èyí tó lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé 100 kílò lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí ẹ fẹ́ mọ ohun tí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan: 100 × (1 + 5 ÷ 30), ó jẹ́ 116.7. Tó bá ti kọjá ìgbà mẹ́wàá, ẹ má gbà á gbọ́.

∛ náà ní ibi tó kù sí. Nínú gbígbé irin ti Òlíńpíìkì, snatch (kí a fà irin láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan náà) àti clean and jerk (kí a kọ́kọ́ gbé e dé èjìká kó tó dé òkè orí) ni wọ́n ń rò pọ̀. Naim Süleymanoğlu, ọmọ Tọ́kì, gbé 342.5 kílò lápapọ̀ ní Seoul lọ́dún 1988, nínú ìsọ̀rí 60 kílò. Lasha Talakhadze, ọmọ Jọ́jíà, gbé 492 ní Tashkent lọ́dún 2021, òun sì wà lára àwọn tí ìwúwo wọn kò ní gbèdéke. ∛ á ṣì rẹ́ Talakhadze jẹ, torí ọ̀pọ̀ nínú ìwúwo irú wọn kì í ṣe iṣan. Ìdí nìyí tí àwọn oní-snatch fi ń lo ìlànà ìṣirò tó ń jẹ́ Sinclair, tí wọ́n ń tún ṣe ní gbogbo ọdún mẹ́rin Òlíńpíìkì; àwọn oní-powerlifting (ìdíje squat, bench press àti deadlift) ní tiwọn: Wilks, DOTS àti IPF GL. Ti ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin, èsì Wilks kò sì ṣeé fi wé ti DOTS.

Pull-up (kí a rọ̀ mọ́ ọ̀pá, ká fa ara wa sókè) ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹni 80 kílò tó so 20 mọ́ra gbé 100, kì í ṣe 20. Bó bá sì jẹ́ gígun àpáta lẹ fẹ́ lo agbára náà fún, ẹ gbàgbé ∛, ẹ pín 100 sí 80 tààrà, torí kò sí ẹni tó máa bá yín gbé ìwúwo ara yín gun àpáta.