Bàálù Olókùn Tí Mo Fi Igi Arère Kàn ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí bí wọ́n bá rí bàálù tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ni pé, "Ọ̀gá, rìmóòtù rẹ̀ ńkọ́?" Kò ní rìmóòtù. Okùn tín-ín-rín méjì ló so ó mọ́ mi lọ́wọ́, mítà 14 ni okùn náà gùn, bàálù á sì máa yí mi ká bí mo ṣe ń yí tẹ̀lé e. Bí mo bá tẹ orí ọwọ́ ìdìmú sẹ́yìn, okùn òkè á fà, imú rẹ̀ á gbé sókè. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, okùn ìsàlẹ̀ á fà, á dorí kọ ilẹ̀. Àṣẹ tí mò ń pa fún un kò ju méjì yìí lọ. Síbẹ̀, inú àṣẹ méjì yìí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti ń mú un ta òkìtì, tí wọ́n ń dojú rẹ̀ délẹ̀ fò, tí wọ́n sì ń fi kọ nọ́ńbà 8 sójú ọ̀run.

Inverter àti fóònù ni mò ń tún ṣe, ní ẹ̀gbẹ́ Takie. Bàbá mi ló jẹ́ káfíńtà, nítorí náà ìfági àti sáńpépà kò ṣàjèjì sí mi. Iṣẹ́ méjèèjì pàdé nínú bàálù yìí, ó sì wù mí kí àwọn ọmọ ìlú wa mọ̀ pé wọ́n lè kàn án pẹ̀lú ohun tó wà láyìíká wọn.

Eré náà ti pẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bíi ọdún 1936 sí 1937, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oba St. Clair ti ń fi okùn darí bàálù kékeré. Jim Walker, ará Portland ní ìpínlẹ̀ kan náà, ló wá sọ ọ́ di ọjà, tó pè é ní U-Control. Títí dòní ni àjọ FAI, tó ń bójú tó eré òfuurufú lágbàáyé, ń ṣètò ìdíje rẹ̀: F2A fún eré sísá, F2B fún òkìtì, F2C fún ìdíje ẹgbẹ́, F2D fún ìjà, níbi tí bàálù méjì ti ń lé ara wọn kí ọ̀kan lè gé bébà gígùn tó so mọ́ ìdí èkejì.

Èyí tí mo kàn, pátákó kan ṣoṣo ni ara rẹ̀. Kò ní ikùn. Bí o bá dojú kọ ọ́ láti iwájú, apá rẹ̀ ni wàá rí, ara rẹ̀ kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Mo fẹ́ràn irú èyí ju èyí tó ní ikùn lọ, nítorí gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló hàn sójú. Ọmọdé lè rí ibi tí wáyà ti wọlé àti ibi tó jáde sí. Bí ó bá sì já lulẹ̀, gọ́ọ̀mù àti pákó díẹ̀ ló máa tún un ṣe. Láyé ẹ́ńjìnnì elépo, àbùkù kan wà lára bàálù bẹ́ẹ̀: imú rẹ̀ tó tín-ín-rín máa ń gbọ̀n, epo á máa hó nínú táǹkì, ẹ́ńjìnnì á sì máa sé. Bátìrì kì í hó. Epo ọ̀hún, tí wọ́n fi methanol àti òróró castor pò, a kò sì tíì rí i rà níhìn-ín.

Balsa ni igi tí àwọn ará òkè òkun fi ń kan bàálù kékeré. Láti Ecuador ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá, èyí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan nínú rẹ̀ sábà máa ń wọn bíi kílò 160. Tiwa ni arère. Bíi kílò 380 ni arère gbígbẹ tó tóbi bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ó wúwo ju balsa ní ìlọ́po méjì lọ, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ ju ọ̀pọ̀ igi tí káfíńtà ń lò, ìfági sì ń gbà lára rẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ń kan bàálù ní Yúróòpù pàápàá máa ń fi arère tí wọ́n là ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo apá tí wọ́n fi fóòmù ṣe. Igi wa ti ń fò níbẹ̀ tipẹ́.

Mo lọ bá bàbá kan ní sọ́mìlì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Arère gbígbẹ ni mo wá rà o."

"Kí lo fẹ́ fi kàn, ọmọ mi? Sílìn?"

"Bàálù ni, sà."

Bàbá wò mí títí. "Bàálù. Ó dáa. Má wulẹ̀ mú èyí tó wà níwájú yẹn, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Wá sẹ́yìn, èyí tó ti lo ẹ̀ẹ̀rùn méjì níbí ni kí o mú."

Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbọ́n ọn wò, wọ́n kan orí rẹ̀, wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n tún ọ̀kan mú, kí wọ́n tó fún mi ní èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Àdúrà ni wọ́n fi sìn mí jáde. Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ ṣì fi wà nílùú yìí.

Nítorí ìwọ̀n rẹ̀, n kò fi arère ṣe gbogbo ara bàálù. Férémù ni mo fi ṣe, mo wá fi fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun dí àárín rẹ̀. Apá náà, fóòmù ni, tí ọ̀pá arère méjì là kọjá nínú rẹ̀ láti ìkangun dé ìkangun. Ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 110 láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì, ó sì gbòòrò ní 22 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù àwọn ṣúmékà máa jẹ fóòmù náà tán lójú yín.

Ní àárín apá ni ọkàn bàálù wà. Mo gé onígun mẹ́ta kan láti ara bọ́ọ̀dù inverter àtijọ́, èyí tó le tí kì í sì í ya, mo fi bóótù dè é mọ́ àárín apá lọ́nà tó fi lè máa yí. Igun méjì di okùn méjèèjì mú. Igun kẹta di sípóòkù kẹ̀kẹ́ mú, sípóòkù yẹn ló lọ sí ìrù tó ń ti elevator, ìyẹn pátákó kékeré tó ń gbé sókè tó ń wá sílẹ̀ lẹ́yìn ìrù. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ geere. Bí ẹ bá gbé bàálù dání tí ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀, kí pátákó ìrù náà lè fi ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan já wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nìyí: okùn kò lè ti nǹkan, fífà nìkan ló mọ̀. Bí okùn bá dẹ̀, àṣẹ ti tán nìyẹn, bàálù ti di ti ara rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo ṣe sí bàálù yìí, kí okùn má bàa dẹ̀ ni mo ṣe ṣe é. Ó wọn gírámù 700. Bó bá ń fi ìṣẹ́jú àáyá 5.5 yí mi ká, eré rẹ̀ tó bíi kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan, á sì máa fà mí lọ́wọ́ pẹ̀lú agbára ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀, bíi kílò kan àti gírámù 400. Fífà yẹn dùn lọ́wọ́. Òun ni bàálù fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Kí ó tó lè fà bẹ́ẹ̀, ó ní bí a ṣe ń tọ́ ọ sọ́nà. Mo fi gírámù 20 òjé, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe bálánsì táyà ń lò, sí ṣóńṣó apá òde, kí ó lè dọ́gba pẹ̀lú okùn tó ń wọ apá inú sílẹ̀. Mo yí ìrù tó dúró lóòró díẹ̀ kí ó máa darí imú síta. Ibi tí ìwọ̀n bàálù ti dọ́gba wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4.5 sí ẹ̀yìn etí iwájú apá, okùn sì ń jáde ní ṣóńṣó apá inú ní ẹ̀yìn ibẹ̀ díẹ̀. Bátìrì pàápàá, ẹ̀gbẹ́ òde pátákó ara ni mo so ó mọ́.

Motor rẹ̀ wá láti ara drone kan tó ti jáwọ́ iṣẹ́: irú tí wọ́n ń pè ní 2212, 1000 KV (KV níhìn-ín ni iye ìgbà tó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan fún fóòtì iná kọ̀ọ̀kan), tí ń fi bátìrì onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta (3S) 1300 mAh ṣiṣẹ́. Wáyà mẹ́ta ló ń jáde lára rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ méjì síra wọn, á máa yí sí òdìkejì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára iná nìyẹn. Bàálù wa ń yí sọ́wọ́ òsì ẹni tó dúró láàárín. Fáànù imú bàálù, bó bá ń yí bí èyí tó wọ́pọ̀ ṣe ń yí, máa ń fẹ́ tẹ apá òsì, ìyẹn apá inú, wálẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra, okùn á sì dẹ̀. Mo lo fáànù oníṣì 9 (9×6) tí wọ́n ṣe fún yíyí sí òdìkejì, mo pààrọ̀ wáyà méjì, ìtẹ̀ náà sì bọ́ sí apá òde, níbi tó ti wúlò fún wa.

Níwọ̀n bí kò ti sí rìmóòtù, ohun kan gbọ́dọ̀ máa pàṣẹ fún ESC, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí bí motor ṣe ń yára tó. Mo kọ ètò kékeré sórí Arduino Nano, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí n lè rìn dé ibi ọwọ́ ìdìmú, á wá mú fáànù yára díẹ̀díẹ̀, á fò fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, á rọ lẹ́ẹ̀kan láti kìlọ̀ fún mi, á sì kú. Lẹ́yìn náà, bàálù á rọra bà sílẹ̀.

Fún okùn, ẹ má ra ọ̀rá apẹja lásán, nítorí ó máa ń nà, àṣẹ yín á sì pẹ́ kó tó dé. Èyí tí wọ́n hun pọ̀ ni kí ẹ rà. Ṣáájú fífò, ọmọ iṣẹ́ mi á di bàálù mú, èmi á fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì tí mo yá lọ́wọ́ ẹlẹ́ran kọ́ ọwọ́ ìdìmú, n ó sì fà á títí yóò fi ka kílò 7, ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n bàálù. Ohun tó bá máa já, kó já nílẹ̀ níbẹ̀. Mo sì máa ń so okùn kékeré láti ọwọ́ ìdìmú mọ́ ọrùn ọwọ́ mi.

Pápá ilé ìwé kan ni a ti ń fò, láàárọ̀ kùtùkùtù, kí afẹ́fẹ́ tó dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ilé mi: ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè. Bí wáyà iná bá kọjá nítòsí pápá náà, ẹ má fò níbẹ̀ rárá, bó ti wù kí pápá náà dára tó. Okùn yìí lè gbé iná wá sọ́wọ́ yín. Bí ìjì bá ń ṣú, ẹ kó ẹrù yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ inú òbìrí náà nígbà tí bàálù bá ń yí.

Nígbà tó bá ń fò, bàálù ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe igi àti ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òòyì kò ní kọ́ yín. Bí okùn bá dẹ̀, ẹ fẹ̀yìn rìn kíá. Òkìtì sì wà ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń ti bàálù kúrò lọ́dọ̀ yín, kì í ṣe ibi tó ti ń gbé e bọ̀ wá.

Bátìrì náà, iná sólà ṣọ́ọ̀bù ni mo fi ń gba á lágbára, 4.2 fóòtì fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Tí a kò bá ní fò láìpẹ́, 3.8 ni mo máa ń dá a dúró sí, èyí tó bá sì ti wú, n kì í tún fi sínú bàálù mọ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi ti ń gé fóòmù tirẹ̀ báyìí. Ó ní kí apá tòun fẹ̀ díẹ̀ jù tèmi lọ kó lè máa rọra fò, mo sì rò pé ó tọ̀nà. Àwòrán tí a fi ń gé e wà lórí káádíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fẹ́, kó mú bébà ńlá àti pẹ́ńsù wá, kó wá yà á.