Ojú Tèmi Nílùú Ọba, Ojú Màámi ní Iléṣà

Oṣù mẹ́ta péré ló wà láàárín iṣẹ́ abẹ kataráàtì tèmi ní Mánṣẹ́sítà àti ti Màámi ní Iléṣà. Kataráàtì ni kí lẹ́ńsì inú ojú, tó yẹ kó mọ́ gaara, di bàìbàì. Ojú àwa méjèèjì ló ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀. Ní tèmi, awọ tó wà ní ẹ̀yìn nínú ẹyinjú ló ṣí ní 2021, tí wọ́n fa omi kíki inú ojú jáde kí wọ́n tó rí i lẹ̀ padà. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó bá ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kataráàtì kì í pẹ́ dé. Láàárín ọdún méjì ló ń mú ọ̀pọ̀ wọn. Ti Màámi, glaucoma ni, àrùn tó ń jí ìríran gbé láti ẹ̀gbẹ́, tí kì í sábà dun èèyàn.

Kí n tó jókòó níbí ni dókítà ti ka gbogbo ìtàn ojú mi lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní irú ojú mi máa ń rọ̀ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, pé okùn tín-ín-rín tó di lẹ́ńsì mú lè ti dẹ̀, pé iṣẹ́ náà lè pẹ́ ju ti ẹlòmíràn. Ní Iléṣà, àwa gan-an la jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ tọ́jú Màámi ti sọ káàdì wọn nù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tú gbogbo àpótí títí ó fi rí páálí oògùn glaucoma tí wọ́n ti ń kán tipẹ́, ó gbé e lọ fún dókítà. Ọpẹ́lọpẹ́ páálí yẹn! Oògùn sitẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń kán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga, ẹni tó ní glaucoma kò sì gbọdọ̀ dá oògùn àtẹ̀yìnwá dúró fúnra rẹ̀.

N kò san kọ́bọ̀ níbí. Lọ́hùn-ún, àwa ọmọ la dáwó jọ.

Iṣẹ́ abẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: a kò sùn, wọ́n fi oògùn pa ìrora ojú, lẹ́ńsì tó ti dọ̀tí jáde, lẹ́ńsì oníke wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Èmi nìkan ni mo ń kán oògùn mi, fóònù ló ń rán mi létí. Ilé Màámi kún fọ́fọ́ fún "Ẹ kú ewu o." Olóyè kan wọlé, Màámi fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọ́n tẹríba, ẹ̀gbọ́n mi sáré dì wọ́n mú, torí dókítà ti ní kí wọ́n má doríkodò. Ìyá kan mú omi ṣúgà wá pé ká kán an sójú. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́, ó sì dà á nù. Kòkòrò tó bá kó sínú ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè fọ́ ọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ojú bá ń dun èèyàn sí i, tó ń pọ́n, tó ń ṣókùnkùn, tàbí tí nǹkan ń kọ mànà bíi mànàmáná níbẹ̀, kó má dúró dọ̀la. Èmi ní nọ́ńbà tí mo lè pè. Fún Màámi, a ti bá ọlọ́kọ̀ kan sọ ọ́ sílẹ̀.

Mo wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ojú wọn. Wọ́n wò mí títí.

"Àlàní, orí rẹ ti hewú tó báyìí?"

Wọ́n dìde, èjìká òsì wọn kọ lu férémù ilẹ̀kùn. Dókítà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé èyí tí glaucoma bá ti gbé lọ, lẹ́ńsì tuntun kò lè dá a padà. Mo bọ́ sí apá òsì wọn, a jọ jáde síta.