Owó Àṣekún Ọmọ Ọ̀dọ̀ ní Ìkòròdú

Ìtumọ̀ òṣìṣẹ́ nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà yọ ẹni tí a kò gbà fún òwò sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń jábọ́, torí iṣẹ́ ilé ni tirẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n tún òfin náà ṣe. Títí dìgbà náà, ẹ kọ wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gba ọmọ ọ̀dọ̀. Wákàtí 48 lọ́sẹ̀ jẹ́ 208 lóṣù. Bí owó oṣù bá jẹ́ ₦104,000, wákàtí kan jẹ́ ₦500, wákàtí àṣekún, èyí tó kọjá àdéhùn, jẹ́ ₦750, ìyẹn ìlọ́po kan àtààbọ̀, bí òfin ọmọ ọ̀dọ̀ ti ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ọdún 2010, ṣe là á sílẹ̀. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá ìyá ọmọ dúró ní Mile 12 títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ọmọ ọ̀dọ̀ sì dúró ti ọmọ, ẹ kọ wákàtí náà sílẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé inú ilé ló ń jìyà jù: ọmọ sunkún laago méjì òru, òun ló dìde, kò sẹ́ni tó ka wákàtí yẹn.