Kí Ẹ Tó Ti Ọwọ́ Bọ Inú Fáàfù Afẹ́fẹ́

Èékánná ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì mi kì í hù tààrà mọ́. Láti ọdún 2012 ló ti rí bẹ́ẹ̀, nílé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà tí wọ́n ti ń sọ epo pupa di òróró. Ọ̀pọ̀ fáàfù ni mo ti fọwọ́ kàn lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, àmọ́ ìka yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ nà sí wọn kí n tó fi sípánà lé wọn lọ́wọ́.

Fún ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ wa, fáàfù tí mò ń wí kì í ṣe ẹ̀rọ omi tí à ń fọwọ́ yí nílé. Control valve là ń pè é; òun ló ń dín ohun tó ń ṣàn nínú páìpù kù tàbí kó fi kún un. Orí rẹ̀ dà bí àwo irin méjì tí wọ́n dojú wọn kọ ara wọn, awọ rọ́bà kan sì wà láàárín. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ abẹ́ rọ́bà náà, á gbé e sókè, rọ́bà á gbé ọ̀pá irin, ọ̀pá á gbé èdídí tó dí ọ̀nà nínú fáàfù. Sípíríǹgì wà lókè tó ń tẹ gbogbo rẹ̀ padà sílẹ̀. Níbi tí agbára afẹ́fẹ́ àti ti sípíríǹgì bá ti dọ́gba ni ọ̀pá máa dúró sí. Òmíràn wà tó jẹ́ òdìkejì èyí: afẹ́fẹ́ ló ń tì í, sípíríǹgì ló ń ṣí i.

Agbára tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ mú rọ́bà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì onígun mẹ́rin 100, èyí tó wọ́pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ 15 psi, ìyẹn páùnù 15 lórí íńṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, bá ṣí fáàfù náà tán, páùnù 1,500 ni sípíríǹgì ń tẹ̀ padà ní ìṣẹ́jú yẹn. Ó lé ní àpò sìmẹ́ǹtì 13. Ó dúró sójú kan, kò mì, kò sì pariwo. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń yá èèyàn láti fọwọ́ kàn án.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, fáàfù tó ń darí sítíìmù síbi tí òróró ti ń gbóná bẹ̀rẹ̀ sí í há. Wọ́n á ní kó ṣí dé 40 nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní mì. Tó bá yá, á fò kọjá sí 55 lẹ́ẹ̀kan. Mo yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò, ó ti dípẹtà. A fi fáàfù afọwọ́yí ti sítíìmù pa níwájú àti lẹ́yìn, ọkàn mi sì balẹ̀ pé ewu ti tán. Mo ní kí ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gbé fáàfù náà sí 60, kí ọ̀pá lè yọ síta kí n ráyè nù ún. Mo ti ìka bọ àárín irin tó di ọ̀pá mú àti orí pákíǹgì, ìyẹn ohun tí wọ́n kì yí ọ̀pá ká kí sítíìmù má baà jò, mo fi sáńpépà yí ọ̀pá po, mo ń fà á lọ, mo ń fà á bọ̀.

Nẹ́pà mú iná lọ. Ìyẹn ti mọ́ wa lára, mo fi tọ́ọ̀ṣì há ẹnu, mo ń báṣẹ́ mi lọ. N kò rántí pé kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ náà ti dákẹ́. Afẹ́fẹ́ tó kù nínú táǹkì ń jò lọ díẹ̀díẹ̀ láti gbogbo oríkèé páìpù tó ń ṣe ṣìì, èyí tí gbogbo wa ti mọ̀ tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì dí. Jẹnẹrétọ̀ kò tètè dáhùn. Pùrẹ́ṣọ̀ ń wálẹ̀, sípíríǹgì ń tẹ ọ̀pá, ìpẹtà ṣì dì í mú. Nígbà tí ìpẹtà kò lè dì í mú mọ́, gbogbo rẹ̀ já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbà!

Mo kígbe sínú rédíò pé kí wọ́n ṣí i fún mi. Ohùn tó dá mi lóhùn kò kúrò létí mi dòní: "Ẹ̀gbọ́n, 60 ló ṣì wà níbí o!" Òótọ́ ló ń sọ. Ínfátà ni kọ̀ǹpútà ń lò, ojú rẹ̀ kò kú rárá. 60 ló wà lójú rẹ̀, ìka mi sì wà lábẹ́ irin. Sípánà gígùn ni wọ́n fi gbé irin náà sókè kí ìka mi tó jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí 60 yẹn, nítorí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Nọ́ńbà tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà sábà máa ń jẹ́ ohun tí a ní kí fáàfù ṣe; kì í ṣe ohun tó ṣe. Iná kékeré ni kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́, láti 4 sí 20 milliamp, positioner tó wà lára fáàfù á sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, iná kékeré yẹn lè máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ títí di àárọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Àwọn fáàfù kan wà tó ní ohun tó ń dá èsì padà láti sọ ibi tí ọ̀pá wà gan-an. Tiwa kò ní. Bó tilẹ̀ ní in, ojú yín lára ọ̀pá àti àmì ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi fáàfù kí n tó bi í ní ohunkóhun mìíràn: bí afẹ́fẹ́ bá tán, ibo lò ń lọ? Ẹni tó yàn án fún ibẹ̀ ti dáhùn rẹ̀ sílẹ̀, ìdáhùn náà sì wà lára pátákó kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Fáàfù tó ń gbé sítíìmù lọ síbi ìgbóná gbọ́dọ̀ tì fúnra rẹ̀, kí epo má baà gbóná kọjá ààlà. Fáàfù omi tútù tó ń mú ẹ̀rọ rọ gbọ́dọ̀ ṣí fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n pààrọ̀ orí ọ̀kan fún èkejì nítorí pé èyí tó yẹ kò sí ní sítọ́ọ̀, ẹ má gbà. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é lójúmọmọ, tí gbogbo rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó dájú pé á ṣiṣẹ́ dáadáa, títí Nẹ́pà á fi mú iná.

Fún àtúnṣe, sítíìmù nìkan kọ́ là ń tì pa. Ẹ ti afẹ́fẹ́ náà pa, ẹ tú èyí tó kù nínú orí fáàfù jáde, ẹ dúró kí géèjì dé 0, kẹ́ ẹ sì fojú ara yín rí i pé ọ̀pá ti lọ síbi tí sípíríǹgì fẹ́. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ fi àgádágodo yín ti ọwọ́ fáàfù afẹ́fẹ́ náà, pẹ̀lú ti sítíìmù méjèèjì, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín, kì í ṣe lápò ọ̀gá, kì í ṣe lórí tábìlì. Ẹ kọ orúkọ yín sára káàdì, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn. Bí iṣẹ́ náà bá fẹ́ kí ọ̀pá wà lókè, ọwọ́ ìyípo tó wà lára fáàfù ni kẹ́ ẹ fi gbé e, bó bá ní in. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ dì í mú.

Sítíìmù tó há sáàárín fáàfù méjì náà ń pani. Bí pùrẹ́ṣọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 7 bar lójú géèjì, ó tó nǹkan bí 170°C. Ẹ ṣí ibi ìdàmisí tó wà láàárín, kẹ́ ẹ jẹ́ kó mí tán. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tú fíláńjì, ìyẹn etí irin tí wọ́n fi bóòtù so fáàfù mọ́ páìpù, bóòtù tó jìnnà sí yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dẹ̀, kí ohun tó bá ṣẹ́kù lè gba ọ̀hún jáde. Ẹ má yọ nọ́ọ̀tì kankan kúrò pátápátá títí ẹ fi máa rí i pé àárín ti là, tí nǹkan kan kò sì jáde.

Ọ̀rọ̀ títú orí fáàfù ńkọ́? Sípíríǹgì inú rẹ̀ ti wà ní títẹ̀ kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Nínú oríṣi kan, bóòtù gígùn díẹ̀ wà láàárín àwọn kúkúrú. Àwọn gígùn yẹn ló máa kẹ́yìn, a ó máa dẹ̀ wọ́n ní ìwọ̀nba, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí sípíríǹgì á fi sinmi. Ẹni tó bá yọ wọ́n ṣáájú, ideri irin náà lè fò sí i lójú. Oríṣi mìíràn ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹ ka ìwé tó bá a wá.

Ní ti fífi tuntun sí i, ibi tí owó ti máa ń ṣòfò jù ni pé wọn kì í fọ páìpù. Oníwẹ́dà á jó o tán, ìdọ̀tí irin, yanrìn àti ègé ọ̀pá wẹ́dà á wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé fáàfù tuntun síbẹ̀ tẹ́ ẹ sì ṣí sítíìmù, gbogbo rẹ̀ á lọ gún ojú ìjókòó fáàfù, ibi tí èdídí ti ń jókòó láti dí ọ̀nà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé ọdún ìka mi, a ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fáàfù tuntun mẹ́ta. Nígbà tí a tú ọ̀kan, ojú èdídí rẹ̀ dà bí ibi tí eku ti jẹ. Kò tì pa mọ́ láé. Nísinsìnyí, ègé páìpù lásán ni mo máa ń kọ́kọ́ fi sí àyè fáàfù, a ó fọ̀nà náà títí ohun tó ń jáde á fi mọ́, lẹ́yìn náà ni fáàfù á wọlé, pẹ̀lú asẹ́ níwájú rẹ̀.

Ẹ wo ọfà tó wà lára fáàfù, kí ó kọjú síbi tí nǹkan ń ṣàn lọ. Páìpù méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu kí fáàfù tó wọ àárín wọn. Ẹ má fi bóòtù fa páìpù wá pàdé. Bóòtù tó ń fún gáásíkẹ́ẹ̀tì (awọ tó ń dí àárín fíláńjì méjì), ìdojúkọ-ìdojúkọ là ń mú un le, díẹ̀díẹ̀. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lókè, kí orí lè yọ lọ́jọ́ àtúnṣe.

Tépù funfun tí à ń yí mọ́ ẹnu páìpù afẹ́fẹ́, ẹ fi ẹ̀sẹ̀ tírẹ́ẹ̀dì méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìyí i. Ègé tépù tí kò tó èékánná ló dí ihò kékeré inú positioner kan tí mo fi odindi ọjọ́ méjì wá àléébù rẹ̀. Ihò tí orí fáàfù ń gbà mí síta náà nílò ìbòrí aláwọ̀n. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an; bó bá dí i, afẹ́fẹ́ kò ní ríbi jáde, ọ̀pá kò sì ní rìn bó ṣe yẹ.

Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Ìlànà tí ISA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìdarí, tẹ̀ jáde ní 1996 sọ pé eruku inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tóbi ju 40 micron lọ (1,000 micron ló wà nínú mìlímítà kan), òróró inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 1 ppm, ìyẹn apá kan nínú mílíọ̀nù kan, àti pé ìwọ̀n ìgbóná tí omi ti máa ń ṣẹ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 10°C rẹlẹ̀ ju ibi tó tutù jù tí páìpù náà dé. Ní ìhà tiwa níbí, lóṣù kẹfà àti ìkeje, omi ni kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ń fà mu. Bí ẹ̀rọ tó ń gbẹ afẹ́fẹ́ bá bàjẹ́, kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Ní àràárọ̀, kí n tó mu tíì, mo máa ń ṣí ìdí táǹkì àti ìdí asẹ́ kọ̀ọ̀kan kí omi lè dà jáde. Lọ́jọ́ òjò, ó lè kún ife.

Bẹ́ ẹ bá ń ṣí sítíìmù lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ kí páìpù kọ́kọ́ móoru, kí omi inú rẹ̀ dà nù. Sítíìmù tó bá bá omi lọ́nà á gbé e lọ bí òkò, ẹ ó gbọ́ tí páìpù ń dún gbàà gbàà, gáásíkẹ́ẹ̀tì lè fọ́ sí yín lára.

Pákíǹgì tó ń jò, ẹ má mú un le títí ọ̀pá kò fi ní lè rìn. Ohun tó há ọ̀pá tèmi lóru ọjọ́ náà kì í ṣe ìpẹtà nìkan. Ẹnì kan ti fún pákíǹgì náà pa ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kó lè dáwọ́ jíjò dúró.

Iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé ṣe láìsí afẹ́fẹ́: ìdánwò ìrìn ọ̀pá. 4, 8, 12, 16, 20 milliamp. Ọ̀pá á wà ní 0, 25, 50, 75, 100 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó bá ń lọ àti nígbà tó bá ń bọ̀. Lásìkò yìí, ohun gbogbo wà láàyè, ọwọ́ kì í wọ àárín. Bí a bá fẹ́ tún apá positioner ṣe, a ó kọ́kọ́ ti afẹ́fẹ́ pa.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wà lẹ́nu ìdánwò yẹn, ó ti dé 12, nígbà tí iná lọ. Ó fi sípánà sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjì padà sẹ́yìn, ó káwọ́ sẹ́yìn. Mo bi í pé kí ló dé tó dúró.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ síbi tó ń lọ ná."

A jọ dúró nínú òkùnkùn, a ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀pá náà, títí ó fi jókòó.