Òòrùn Ìbàdàn kọ́ ni òòrùn Keswick

Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀ nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé fíríìjì kò kùn mọ́. Abẹ́ ìjókòó ló wà nínú váànù tí a ń sùn sí bí a bá lọ sìnmi, ariwo rẹ̀ sì ti mọ́ wa lára débi pé nígbà tó dákẹ́ ni mo ta jí. Mo tẹ iná, kò tàn. Òru kejì wa nìyẹn ní Keswick nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní agbègbè àwọn adágún tí wọ́n ń pè ní Lake District, nígbà ìsinmi Àjíǹde. Ọbẹ̀ ata tí mo sè wá láti Leeds tí à ń gbé wà nínú fíríìjì náà, ẹja díndín wà níbẹ̀, ìnsúlíìnì ọkọ mi náà sì wà níbẹ̀.

Tọbẹ̀ kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ̀ pé ìnsúlíìnì tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín digíríì 2 sí 8, bó bá sì dì pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo wé e sínú aṣọ, mo gbé e síwájú ọkọ̀ níbi tó tutù, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́.

Váànù àlòkù ni a rà. Bátìrì méjì ló wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan wà fún ṣíṣíná ọkọ̀ nìkan, èkejì ni ti fíríìjì, gílóòbù, fóònù àti hítà, kó má baà jẹ́ pé ohun tí a lò lóru ni yóò dá wa dúró láàárọ̀. Ẹni tó tà á fún wa ní pánẹ́ẹ̀lì sólà 100 wáàtì wà lórí òrùlé, pé a ò ní wá iná tì. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni wá, a mọ ohun tí òòrùn lè ṣe.

Àbúrò mi ọkùnrin ní Ìbàdàn, iṣẹ́ sólà ló ń ṣe. Òun ni mo pè lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ti ń wá bátìrì ńlá tí n óò rà, àmọ́ ó dá mi dúró.

“Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ ka lóòdù yín fún mi ná, gbogbo ohun tó ń jẹ iná.”

A kà á. Bí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́, ó ń fa bí ámù 4, àmọ́ ó máa ń sinmi, nítorí náà nǹkan bí 30 Ah (ámù lọ́nà iye wákàtí) ló ń jẹ lóòjọ́. Hítà tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ń mu bí 10 lóru. Fóònù mẹ́rin pẹ̀lú gílóòbù, ẹ jẹ́ ká ní 8. Àròpọ̀ rẹ̀, 48.

“Bátìrì ńkọ́?”

“100 Ah. AGM ni wọ́n kọ sí i, irú bátìrì lẹ́ẹ̀dì kan.”

“Ìdajì rẹ̀ péré ni tiyín, Àǹtí mi. Bí ẹ bá ń fà á kọjá ìdajì, kò ní pẹ́ kú.”

Ohun tí a ní kò ju ti ọjọ́ kan lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa. Ó ní pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì lè mú nǹkan bí 30 Ah wọlé lóòjọ́ ní Ìbàdàn. Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí òrùlé ọkọ̀, kò ju 20 lọ nínú oṣù April, ó sì ń tó 4 tipátipá nínú oṣù December. Mo rántí àwòrán kan tí mo fi ránṣẹ́ sí i nígbà Kérésì, òòrùn tó fara ti òrùlé ilé òdìkejì. Ó bi mí nígbà náà pé ṣé àárọ̀ ni. Mo ní rárá o, aago méjìlá ọ̀sán ni. Ní Leeds láàárín oṣù December, òòrùn ọ̀sán kì í gòkè ju digíríì 13 lọ. Lọ́jọ́ kan náà ní Ìbàdàn, ó ń dé 59. Bí a bá ń rò ó bí ọmọ Ìbàdàn, a ó kàn ra pánẹ́ẹ̀lì, a ó sì máa retí.

Pánẹ́ẹ̀lì 200 wáàtì ni mo mú níkẹyìn, 100 méjì, nítorí ibi tó kù lórí òrùlé kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó le ni mo yàn, tí a gbé sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀, torí ooru ń dín agbára pánẹ́ẹ̀lì kù, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òrùlé sì máa ń gbóná gan-an. Èyí tí a ń ká bí àpótí wù mí, kí ọkọ̀ wà níbòòji kí pánẹ́ẹ̀lì wà nínú oòrùn. Ọkọ mi ní ta ni yóò máa ṣọ́ ọ nígbà tí a bá gun òkè lọ. Òótọ́ ló sọ.

Ohun tó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, ẹ má fi ṣeré. Ẹ̀rọ tó ń darí jáàjì ni, oríṣi rẹ̀ méjì ni PWM àti MPPT. PWM ló wà nínú ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì ń mú bí 18 fóltì àti 5.5 ámù wá. Bí bátìrì bá wà ní 13 fóltì, PWM á fà á wálẹ̀ sí 13, ámù rẹ̀ kò sì ní lé sí i, nítorí náà wáàtì bí 72 ló ń wọlé. MPPT ń sọ fóltì tó ṣẹ́kù yẹn di ámù. Ó wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n níbi tí òòrùn ti ṣọ̀wọ́n, mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi jẹ́ kí ìdámẹ́rin rẹ̀ ṣòfò.

Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló yanjú ọ̀rọ̀ wa jù. Euro 6 (ìlànà èéfín ọkọ̀ ti ilẹ̀ Yúróòpù) ni váànù wa, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń darí alternator rẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń pèsè iná. Tí bátìrì iwájú bá ti kún, ó ń rẹ fóltì sílẹ̀ kó lè dín epo kù, relay àtijọ́ (irú swíìṣì kan) tí wọ́n fi so bátìrì méjèèjì pọ̀ kò sì rí nǹkan gidi gbé kọjá. A pààrọ̀ rẹ̀ sí DC-DC charger 30 ámù, tó ń gbé fóltì náà sókè débi tí bátìrì kejì nílò. Wákàtí kan lójú ọ̀nà ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fún wa ní 30 Ah, nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì kì í mú ju bí 20 wá lóòjọ́ nínú oṣù October.

Bátìrì lithium, LiFePO4 100 Ah, la fi rọ́pò AGM, nítorí a lè lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láìpa á lára. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la gbé e sí, nínú ilé ọkọ̀, torí kò gbọ́dọ̀ gba jáàjì bí ara rẹ̀ bá tutù ju digíríì 0 lọ. Ẹ rí i pé èyí tí ẹ rà lè dá jáàjì dúró fúnra rẹ̀ nínú òtútù.

Rewáyà kan ní Leeds ló fa wáyà tó ti iwájú ọkọ̀ wá. Ti pánẹ́ẹ̀lì, èmi ni mo ṣe é, àbúrò mi ń wò mí lórí fídíò. Fíúsì kí ó súnmọ́ bátìrì. Bátìrì ni kí n kọ́kọ́ so mọ́ MPPT, kó lè mọ irú bátìrì tó wà níwájú rẹ̀, kí pánẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n tún un sọ.

A padà sí Keswick nínú ìsinmi October. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. A ń wakọ̀ lọ sí Penrith lójoojúmọ́, àlọ àti àbọ̀ tó bíi wákàtí kan, bí kò tilẹ̀ sí ti bátìrì, a ó ṣáà lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, bátìrì wà ní 79%, fíríìjì wà ní digíríì 5, ìnsúlíìnì wà níbi tó yẹ kó wà.

Ní oṣù December ẹ̀wẹ̀, a máa ń sanwó iná ní ibùdó, a ń ki wáyà bọ òpó iná wọn, kò sí ìjà níbẹ̀. Àbúrò mi ṣì máa ń ní kí n ya òòrùn ọ̀sán fún òun lọ́dọọdún. Ó ń fi í han àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, torí bí ó bá fẹnu sọ ọ́ lásán, wọn kì í gbà á gbọ́.