Ewédú ni kí ẹ gbìn sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní táàmù kẹta

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi ní Ogbómọ̀ṣọ́, bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ jèrè ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní táàmù kẹta, ẹ fi àgbàdo sílẹ̀. Òjò ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n táàmù yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, àgbàdo sì máa ń tó oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kó tó tó jẹ. Ẹ bá pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín, ọlidé á ti dé, ewúrẹ́ àdúgbò á sì wọlé tì í. Ewédú ní tirẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 ni ọmọ á ti máa gé e, á sì tún rú.

Irúgbìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kì í tọ́jú. Èèpo rẹ̀ le, kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́. Ẹ se omi títí yóò fi hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ ri aṣọ náà bọ̀ ọ́, kí ẹ ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì rì í sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti jinná nìyẹn. Àgbà ni kó ṣe èyí. Kí àwọn ọmọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà, ẹ to 20 tí ẹ rì sórí òwú tútù nínú àwo kan, ẹ to 20 tí ẹ kò rì sínú òmíràn, kí wọ́n máa ka èyí tó hù láràárọ̀. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì tó lè ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí bẹ́ẹ̀dì fẹ̀ tó mítà 1, kí ọwọ́ ọmọ lè dé àárín láì tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì ga tó sẹ̀ntímítà 20, nítorí òjò wa máa ń dà gan-an. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ni kí ẹ pò mọ́ ilẹ̀. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò.

Irúgbìn náà kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ ìlọ́po 10. Ẹ fọ́n ọn ní ìlà, kí ìlà kan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ntímítà 25, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Tó bá wọlẹ̀ jù, kì í yọ. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo bẹ́ẹ̀dì kí òjò má bàa gbá a lọ. Bó bá ti ń hù, ẹ ká a kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ tu díẹ̀ kí àyè sẹ̀ntímítà 10 wà láàárín wọn. Èyí tí ẹ tu, ọbẹ̀ ni.

Ẹ má gbìn ín síbi tí ilá tàbí tòmátì wà lọ́dún tó kọjá. Kókó máa ń wú sára gbòǹgbò, ewé á sì rọ. Bí tata bá ń jẹ ẹ́, ẹ fọ́n eérú sí i láàárọ̀ kí ìrì tó gbẹ. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí i rárá: ewé ni à ń jẹ, ọwọ́ ọmọ ló sì ń gé e.

Bí ẹ bá ń gé e, ẹ fi sẹ̀ntímítà 20 sílẹ̀ lórí ilẹ̀, á tún rú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìdì kan lọ sílé. Ewédú tútù tí yóò bá láfún lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn máa ń mú kí òbí gbà pé iṣẹ́ gidi ni.

Ẹ fi igi 3 tàbí 4 sílẹ̀ láì gé. Èso wọn kò ní tíì gbẹ nígbà ọlidé, nítorí náà ẹ bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kó ká wọn kí wọ́n tó là, kó sì kó irúgbìn sínú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí.